Alẹ́ Iná Lórí Odò Shinano: Bí A Ṣe Ń Wo Àjọ̀dún Nagaoka

Ọ̀pọ̀ ìlú ní Jàpáánì ló máa ń wá ọjọ́ Sátidé kan nígbà ooru láti yin iná àyìnsókè, ìyẹn fireworks, sójú ọ̀run, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè ráàyè wá wò ó. Ìlú Nagaoka ní ìpínlẹ̀ Niigata kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 2 àti ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ni tiwọn, ìbáà bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ìbáà bọ́ sí Ọjọ́rú. Ọjọ́ 1 tó ṣáájú wọn ni ọjọ́ ìrántí. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú náà ní 1945 kò ní béèrè ìdí tí wọn kì í fi í sún un síwájú tàbí sẹ́yìn.

Ní aago 10:30 alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọkọ̀ òfurufú B-29 ti Amẹ́ríkà, 125 lápapọ̀, gba òkè Nagaoka kọjá. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi da bọ́ǹbù oníná lé ìlú tí igi ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀. Bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìgboro ló jóná. Èèyàn 1,488 ni ìṣirò ìlú náà sọ pé ó kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sá lọ sínú odò kékeré kan tó ń jẹ́ Kaki, torí wọ́n gbà pé omi yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ iná, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì kú sí. Nígbà tó pé ọdún kan géérégé, ní 1946, àwọn tó kù ṣe àjọ̀dún láti fi hàn pé àwọn ń tún ìlú kọ́. Ní 1947, wọ́n dá iná yínyìn padà sínú rẹ̀, torí iná ti wà ní Nagaoka kí ogun tó dé: láti 1879 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wà.

Nítorí náà, ìrántí òkú ni ìdí àjọ̀dún yìí. Ẹwà ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí náà. Ẹni tó bá wá wo ẹwà nìkan yóò gbádùn ara rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ohun tó wà níbẹ̀ ló rí.

 Nílé wa, nókáòtù tàbí bángà ni àwọn ọmọdé ń yìn nígbà Kérésìmesì, ariwo rẹ̀ ni wọ́n sì ń wá. Ní Nagaoka, iná náà máa ń là bí òdòdó lójú ọ̀run, bí òdòdó náà ṣe rí nígbà tó bá là ni wọ́n sì fi ń mọ iṣẹ́ tó dára. Kí ó tó lè là dáadáa, oníṣẹ́ ti lo oṣù mélòó kan lórí rẹ̀.

Inú bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń di iná yìí sí kí wọ́n tó yìn ín; ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀kan wò. Bébà líle ni wọ́n fi ṣe èèpo rẹ̀, ìlàjì méjì tí wọ́n dé pọ̀ bí igbá àti ọmọrí rẹ̀. Ohun méjì ló wà nínú. Àkọ́kọ́ ni kóró iná, èyí tí yóò tàn lójú ọ̀run. Oníṣẹ́ máa ń fi hóró kékeré kan bẹ̀rẹ̀, bíi hóró èso ewébẹ̀. Yóò dà wọ́n sínú agbada ńlá tí ẹ́ńjìnnì ń yí, yóò wọ́n ẹ̀tù tí wọ́n fi omi pò lé wọn lórí, ẹ̀tù náà á sì lẹ̀ mọ́ wọn lára fẹ́ẹ́rẹ́. Yóò kó wọn síta sínú oòrùn títí wọn yóò fi gbẹ, kí ó tó dá wọn padà sínú agbada. Ìpele kan kì í nípọn tó mílímítà kan. Bí èèyàn bá kánjú tó jẹ́ kí ìpele kan nípọn jù, ara rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Irú kóró bẹ́ẹ̀ á kú lójijì lójú ọ̀run nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń tàn, ihò dúdú á sì yọ lára òdòdó. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ gidi kò fi lè fi agbára sáré ju oòrùn lọ.

Láti ìta ni kóró ti ń jóná wọ inú. Bí wọ́n bá fẹ́ kí òdòdó bẹ̀rẹ̀ ní pupa kí ó parí ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé ni wọ́n kọ́kọ́ fi bo hóró, kí wọ́n tó fi pupa bò ó. Strontium ló ń mú pupa wá, barium ló ń mú àwọ̀ ewé wá, sodium ló ń mú àwọ̀ ìyeyè wá. Aluminium àti magnesium ló ń mú funfun tó mọ́ gbòò. Bàbà ló ń mú àwọ̀ aró wá, òun ló sì le jù, torí pé bí iná bá ti gbóná jù díẹ̀, aró náà á ṣí, yóò di funfun ràkọ̀ràkọ̀. Bí ẹ bá rí àwọ̀ aró tó jinlẹ̀ tó sì hàn ketekete lókè odò, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ àgbà ló ṣe é. Kí àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí tó dé láti òkè òkun ní sẹ́ńtúrì 19, èédú ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, àwọ̀ osùn tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n sì mọ̀. Àwọn oníṣẹ́ kan ṣì ń ṣe é títí dòní. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ àwọ̀ tuntun lọ, torí kì í gún ojú.

Ohun kejì nínú bọ́ọ̀lù ni ẹ̀tù tí yóò fọ́ ọ. Èèpo ìrẹsì tàbí hóró òwú ni wọ́n ń fi ẹ̀tù yìí bò, kí ó lè kún àyè láì jẹ́ pé agbára rẹ̀ pọ̀ jù, kí iná sì lè gba àárín wọn kọjá kíákíá. Àárín bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kó o sí. Kóró iná ni wọ́n tò yí i ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, láìsí àlàfo. Bí wọ́n bá fẹ́ òdòdó tó ní òdòdó mìíràn nínú, wọn á to òbìrí kejì sínú ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dé ìlàjì méjèèjì pọ̀, wọn á sì máa fi àtẹ́ lẹ bébà pẹlẹbẹ mọ́ gbogbo ara rẹ̀, ìpele lórí ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan yóò gbẹ kí òmíràn tó bọ́ sórí rẹ̀. Bébà yìí ni ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì. Agbára inú bọ́ọ̀lù máa ń wá ibi tó rọ jù lọ láti gbà jáde. Bí apá kan bá fẹ́lẹ́ ju ìkejì lọ, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ́, òdòdó á sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá le kárí dọ́gbadọ́gba, gbogbo kóró á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, òdòdó á sì rí roboto láti ibi yòówù tí èèyàn bá ti ń wò ó.

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní shakudama fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Kò wúwo ju bíi kílò mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lọ, ó ń gòkè tó bíi mítà 330, òdòdó rẹ̀ sì ń fẹ̀ tó bíi mítà 320. Ní àwọn ìlú mìíràn, òun ni wọ́n ń tọ́jú de ìparí. Ní Nagaoka, ó pọ̀ débi pé ojú á mọ́ ọn. Èyí tí gbogbo èèyàn ń retí ni sanshakudama, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta péré, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ tó bíi kílò 300, torí ohun tó bá fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ní gbogbo ọ̀nà, inú rẹ̀ á gba ìlọ́po 27. Mítà 600 ló ń gòkè dé, mítà 650 ni òdòdó rẹ̀ ń fẹ̀. Àwọn ará Katakai, àdúgbò kan ní ìlú Ojiya tó wà nítòsí, ń yin èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 120 tó sì wúwo tó kílò 420 ní ọjọ́ 9 àti ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, ní àjọ̀dún ojúbọ Asahara. Ẹni tó bá fẹ́ títóbi nìkan, kó lọ síbẹ̀.

Inú páìpù irin ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sí, ẹ̀tù tí yóò tì í sókè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wáyà iná mànàmáná ni wọ́n fi ń tanná sí i láti ibi tó jìnnà. Bí ẹ̀tù ìsàlẹ̀ bá ti bẹ́, ó ń ran okùn iná tó wọ inú bọ́ọ̀lù, okùn náà á sì máa jó lọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń gòkè. Gígùn okùn yìí ni oníṣẹ́ fi ń pinnu ìgbà tí òdòdó yóò là. Kí wọ́n tó yin sanshakudama, fèrè sáyẹ́ǹ ńlá máa ń dún kárí ìlú. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ fi ohun tí ẹ ń jẹ sílẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń wo ohun mẹ́rin. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá bọ́ọ̀lù là ní àkókò gan-an tó dúró lókè, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀. Bí okùn bá kúrú jù, yóò là nígbà tó ṣì ń sáré lọ, òdòdó á sì nà sókè. Bó bá gùn jù, á là nígbà tó ti ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ á rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni bó ṣe rí roboto tó, àti bóyá gbogbo kóró ló tàn láìku ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn ni àwọn àlejò kì í kíyè sí: bí kóró náà ṣe kú. Nínú iṣẹ́ àgbà, gbogbo wọn ń kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí èèyàn pa iná yàrá. Bí díẹ̀ bá kú tí díẹ̀ ń tàn lọ, iṣẹ́ kò tíì jinná. Ẹ wo èyí dáadáa ní Nagaoka, yóò yí ojú tí ẹ fi ń wo iná àyìnsókè padà.

Orí odò ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà pípẹ́, ìdí rẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀. Odò ń pèsè ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ láàárín ìlú, omi àti iyanrìn sì ń gba ẹyin iná àti àfọ́kù bébà tó ń já bọ̀. Ní Tokyo, odò Sumida ló ní tirẹ̀, tí wọ́n ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí 1733. Ilé iṣẹ́ méjì, Kagiya àti Tamaya, ló ń bá ara wọn díje níbẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn òǹwòran a sì máa pariwo orúkọ ẹni tó bá wù wọ́n. Ní 1843, iná ṣẹ́ yọ ní ilé Tamaya, ó ran ilé àwọn aládùúgbò, ìjọba sì lé e kúrò nílùú. Títí dòní, àwọn èèyàn ṣì ń pariwo “Tamaya!” nígbà tí òdòdó bá là. Ti Sumida dára, ó sì kún fún ìtàn, ṣùgbọ́n àárín ilé gogoro ló wà, wọn kò lè yin bọ́ọ̀lù ńlá níbẹ̀. Odò Shinano ló gùn jù ní Jàpáánì, kìlómítà 367, afárá Chōsei tó dá a kọjá ní Nagaoka sì gùn tó bíi mítà 850. Àyè yìí ló jẹ́ kí sanshakudama ṣeé yìn.

Bí ẹ bá ráàyè, ẹ dé ìlú náà ní ọjọ́ 1. Ọ̀pọ̀ àlejò ń fo ọjọ́ yìí torí pé àwọn òdòdó ńlá kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọkàn àjọ̀dún wà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ará ìlú á gbé àtùpà oníbébà lé omi odò Kaki, odò tí àwọn èèyàn kú sí. Ní aago 10:30, wákàtí tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í já, agogo tẹ́ńpìlì á dún, wọn á sì yin bọ́ọ̀lù mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ funfun. Shiragiku ni wọ́n ń pè é, orúkọ òdòdó funfun tí àwọn ará Jàpáánì ń gbé síwájú òkú. Kase Seiji, àgbà oníṣẹ́ ní Nagaoka, ló ṣe é. Lẹ́yìn ogun, wọ́n mú un lọ sí àhámọ́ ní Siberia, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú síbẹ̀, òun sì padà wálé. Ní 1990, ó lọ sí Khabarovsk ní Rọ́ṣíà, ó yin iná sókè odò Amur ní ìrántí wọn. Àdúrà ni Shiragiku. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó tún ní ibòmíràn tí Shiragiku dé. Yamamoto Isoroku, ọ̀gágun orí omi tó gbìmọ̀ ìkọlù Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii, ní 1941, ọmọ Nagaoka ni. Ní 2012, Nagaoka àti Honolulu, ìlú tí Pearl Harbor wà nítòsí rẹ̀, di ìlú ọ̀rẹ́. Ní oṣù Kẹjọ 2015, tó pé àádọ́rin ọdún tí ogun parí, wọ́n yin òdòdó funfun yìí sókè Pearl Harbor fún àwọn òkú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ìlú méjì tó jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ ì bá fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ tó yìí.

Ní ọjọ́ 2 àti 3, nǹkan bí aago 7:20 alẹ́ ni yínyìn ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tó bíi wákàtí méjì kí ó tó parí. Láàárín apá kan sí èkejì, òkùnkùn á wà, ohùn kan á sì máa ka orúkọ àwọn tó sanwó iná tó kàn láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àlejò lè rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Àkókò yẹn ni èéfín ń ráàyè kúrò, ojú ń sinmi, etí sì ń padà sípò. Láàárín alẹ́ ni Phoenix máa ń wáyé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ìmìtìtì ilẹ̀ ti mì agbègbè náà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 2004, èèyàn 68 kú, gbogbo ará abúlé Yamakoshi ní láti kó kúrò nílé, ọkọ̀ ojú irin ayára Shinkansen pàápàá yẹ̀ lójú irin nítòsí Nagaoka. Phoenix, orúkọ ẹyẹ inú ìtàn tó ń dìde láti inú eérú, jẹ́ àdúrà kí ìlú dìde padà: láti ibi púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ni wọ́n ti ń yìn ín lẹ́ẹ̀kan náà, ó gùn tó bíi kìlómítà méjì, ojú kan kò lè kó o tán. Ẹ má gbìyànjú láti fi fóònù ká a. Ẹ yí orí yín láti òsì sí ọ̀tún.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó wá kù. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń jókòó sí etí odò, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un ní oṣù púpọ̀ ṣáájú, kèké ni wọ́n fi ń mú ẹni tí yóò rí i rà. Yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ń tán kí tíkẹ́ẹ̀tì tó jáde. Ọ̀pọ̀ ń sùn sí ìlú mìíràn lójú irin kan náà. Láti ibùdókọ̀ ojú irin Nagaoka dé bèbè ọ̀tún, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn, bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bèbè òsì wà lódì kejì afárá. Ẹ pinnu bèbè tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí lílọ láti ọ̀kan sí èkejì lálẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ wàhálà gidi.

Atẹ́gùn ṣe pàtàkì ju ìjókòó olówó ńlá lọ. Bó bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yín lọ sórí odò, yóò gbé èéfín lọ, ẹ̀ẹ́ sì rí ohun gbogbo kedere. Bó bá ń fẹ́ bọ̀ wá sójú yín, eérú á wọ ojú, àfọ́kù bébà á já lé yín lórí. Bí kò bá sí atẹ́gùn rárá, ìyẹn ló burú jù: lẹ́yìn apá kejì tàbí ìkẹta, ìkùukùu funfun ni ẹ óò máa wò tí àwọ̀ ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Nípa jíjìnnà, bí kìlómítà kan dára. Ìró á dé etí yín ní bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lẹ́yìn tí ojú ti rí òdòdó, sanshakudama yóò sì wọ ojú yín tán bí ẹ bá gbé orí sókè díẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ ní àyà, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí bó ṣe rí roboto. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà wá, kó gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, kó fi ISO sí 100, ihò lẹ́ńsì sí nǹkan bí f/11, kó ṣí i fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin sí mẹ́jọ. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ojú kámẹ́rà sí ibi tó jìnnà jù kí ilẹ̀ tó ṣú, torí kámẹ́rà kò lè dá ibi dúdú mọ̀.

Ooru oṣù Kẹjọ ní Niigata kò ṣeé fojú kéré. Ẹ mu omi púpọ̀ dání, aṣọ ìnulágùn, oògùn ẹ̀fọn, ẹní tí ẹ óò jókòó lé, àti àpò tí ẹ óò kó ìdọ̀tí yín sí lọ sílé. Yukata, aṣọ fẹ́lẹ́ tí àwọn ará Jàpáánì ń wọ̀ nígbà ooru, dára lára, ṣùgbọ́n bàtà onígi tó bá a lọ máa ń bó ẹsẹ̀ lórí ìrìn gígùn. Ẹ wọ bàtà tí ẹsẹ̀ yín ti mọ̀.

Ewu tó tóbi jù kì í ti ọ̀run já bọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje 2001, ní ìlú Akashi, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iná àti àwọn tó ń lọ pàdé lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ọ̀nà kò gbà wọ́n, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, èèyàn 11 kú, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní oṣù Kẹjọ 2013, létí odò Yura ní Fukuchiyama, ẹnì kan tó ń ta oúnjẹ ṣí kẹ́ẹ̀gì epo pẹtiróò tó ti gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ láì kọ́kọ́ jẹ́ kí agbára inú rẹ̀ jáde. Epo tú sáfẹ́fẹ́, iná ràn mọ́ ọn, èèyàn mẹ́ta kú. Láti ìgbà náà ni àwọn olùdarí ti túbọ̀ ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ ní ibi àjọ̀dún. Ẹ má jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ tó ń lo ọ̀kan. Bí òǹwòran bá ń tú lọ, ẹ má sáré bá wọn dé orí afárá. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò ibùdókọ̀ á ti dínkù, ọkọ̀ ojú irin àfikún sì wà ní alẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ yín ní òwúrọ̀, kì í ṣe lálẹ́.

Kí ẹ tó dìde, iṣẹ́ kékeré kan ṣì kù. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn bá ti kú, àwọn èèyàn ní bèbè méjèèjì á gbé fóònù tàbí tọ́ọ̀ṣì sókè, wọn á máa fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún sí àwọn oníṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Àwọn náà á sì fi iná pupa dáhùn láti inú òkùnkùn. Ẹ bá wọn ṣe é. Àwọn tó fi oṣù púpọ̀ sá kóró sínú oòrùn wà níbẹ̀, wọn kò sì ní gbọ́ àtẹ́wọ́ yín láti ibi tí wọ́n wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n máa ń rìn gba etí odò kọjá láti wá bọ́ọ̀lù tí kò là. Ó lè jọ bọ́ọ̀lù dúdú lásán nínú koríko, ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi ẹsẹ̀ yí i, ẹ má sì da omi sí i lórí. Ẹ jìnnà sí i, kí ẹ pe ọlọ́pàá.